Àmàlà, ọbẹ̀ epo àti 1,500 kálórì lóòjọ́: báwo ni kí n ṣe wọ̀n ọ́n?

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú oúnjẹ mi wá sí nǹkan bí 1,500 kálórì lóòjọ́ kí n lè fọn díẹ̀díẹ̀; kálórì ni òṣùwọ̀n agbára tí oúnjẹ ń fún ara. Kílò 93 ni mí. Mi ò ní ìtọ̀ ṣúgà, mi ò lóyún, mi ò fọ́mọ lọ́mú. Gbogbo àkọsílẹ̀ kálórì tí mò ń rí, oúnjẹ òyìnbó ló kún inú rẹ̀. Ìkòkò kan ni àwa mẹ́fà jọ ń jẹ nílé, búkà ni mo sì ti ń jẹ ọ̀sán. Ṣé kí n pa àmàlà tì, kí n bọ́ sórí wíìtì tàbí ọ́ọ̀tì? Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣírò ọbẹ̀ tó ti wà nínú ìkòkò? Kí ni kí n sì sọ fún ìyá alámàlà tí kò fi ní dà bíi pé mo wá dà á láàmú?

Ìyá Alásè, Bódìjà:
Àṣàkẹ́, ẹ má pa àmàlà tì. Epo ló ń ba ìṣirò jẹ́. Gíráàmù èlùbọ́ kan jẹ́ bíi kálórì mẹ́ta àti ààbọ̀. Gíráàmù epo kan, ì báà jẹ́ epo pupa tàbí òróró, mẹ́sàn-án ni. Ṣíbí ìjẹun kan tó kún fún epo tó 120 kálórì. Ẹ wá wo ìkòkò èèyàn mẹ́fà tí wọ́n da odindi ife epo sí, 250 mìlílítà: epo yẹn nìkan ti tó 2,000 kálórì. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́fà, ó lé ní 330 lórí àwo kọ̀ọ̀kan kí òkèlè àti ẹja tó dé. Tó bá jẹ́ ṣíbí mẹ́rin lẹ fi sè é, 80 péré ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó ń jẹ́ ká da epo púpọ̀ ni pé ata ń kan. Omi ata ni a kì í jẹ́ kó gbẹ. A ti lọ tòmátì, tàtàṣé, rodo àti àlùbọ́sà tán, a dà á sínú epo gbígbóná lójú ẹsẹ̀, omi ń bá epo jà, a tún ń fi epo kún epo. Ẹ kọ́kọ́ da ata lílọ̀ sínú ìkòkò láìsí epo rárá. Ẹ ṣí ìdérí díẹ̀, kó máa hó lórí iná tí kò le jù fún bí ìṣẹ́jú 25 sí 30, kí ẹ máa rò ó látìsàlẹ̀ kó má jó. Á kọ́kọ́ máa hó fùkẹ̀fùkẹ̀, á máa ta sí ara ìkòkò. Tí ìfófòó ojú rẹ̀ bá ti lọ, tí ẹ fa ṣíbí nísàlẹ̀ ìkòkò tí ojú ọ̀nà ṣíbí kò tètè dí, omi ti gbẹ nìyẹn. Ìgbà náà ni kí ẹ da ṣíbí epo mẹ́rin sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti dín. Ẹ da omi ẹja àti irú sí i. Ẹ má ṣahun irú: ọbẹ̀ tí epo rẹ̀ kéré nílò adùn láti ibòmíràn.

Èlùbọ́, gbígbẹ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Àmàlà tó rọ̀ àti èyí tó le lè jáde látinú ìwọ̀n èlùbọ́ kan náà. Omi ló yàtọ̀, omi kò sì ní kálórì. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré oníbátìrì tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ilé ìdáná. Ẹ gbé abọ́ òfìfo lé e, ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà sí òdo, kí ẹ wá da èlùbọ́ sí i. 80 gíráàmù jẹ́ nǹkan bí 280 kálórì, ó sì gba bí 250 mìlílítà omi. Tí omi kò bá tíì hó yaya kí ẹ tó da èlùbọ́ sí i, á di kókó. Ẹ fi omorogùn rò ó, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó jinná, kí ẹ tún un rò.

Ewédú kò gba epo kankan, ẹ bù ú dáadáa. Gbẹ̀gìrì, ṣíbí epo kan tó fún odindi ìkòkò, torí ẹ̀wà tó jinná tó sì kúnná ló ń mú un ki.

Gbóyèga Àpáta:
Mo gbà pẹ̀lú Màmá lórí epo. Àmọ́ ọ́ọ̀tì ló dáa jù fún òkèlè. Kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n rò ó bí àmàlà. Kò ní kálórì.

Oníṣirò Oúnjẹ, Agodi:
Bọ̀dá Gbóyèga, òótọ́ ni pé ọ́ọ̀tì máa ń jẹ́ kí ebi pẹ́ kó tó pa èèyàn, ṣùgbọ́n ó ní kálórì o. 100 gíráàmù ọ́ọ̀tì gbígbẹ tó 380. Èlùbọ́ àti gààrí wà ní àárín 340 sí 360. Ẹni tó fi abọ́ ọ́ọ̀tì rọ́pò abọ́ èlùbọ́ tó wúwo bákan náà kò dín nǹkan kan kù. Wíìtì náà kò jìnnà sí wọn. Ìwọ̀n tí à ń bù ló jà.

Gààrí mímu ni mo fẹ́ kí Àǹtí Àṣàkẹ́ ṣọ́ra fún, torí a kì í kà á sí oúnjẹ. 100 gíráàmù gààrí jẹ́ bíi 350. Ẹ̀pà sísun 50 gíráàmù, tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ bíi méjì lọ, sún mọ́ 300. Ẹ fi ṣúgà sí i, ó ti ń lọ sí 700, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọjọ́ yín. Ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò 50 cl náà lè tó 200. Zobo tí kò ní ṣúgà dáa, èyí tí wọ́n ń tà sínú ìgò kì í sábà wà láìní ṣúgà.

Ní búkà, ẹ sọ ọ́ jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó bù ú: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ṣíbí bọ ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ fún mi, ẹ má bu ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ewédú pọ̀." Epo máa ń léfòó sójú ọbẹ̀ ata, ojú ibẹ̀ ni kálórì pọ̀ sí. Ẹ ra àmàlà ìgbakọ kan sínú ọ̀rá lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wọ̀n ọ́n nílé, ẹ ka 100 gíráàmù rẹ̀ sí bíi 100 kálórì. Láti ọjọ́ náà ẹ ti mọ ohun tí ìgbakọ ìyá yẹn gbà. Ìgbakọ ìyá kan kò tó ti èkejì, ẹ má fi ti ọ̀kan wọn ṣírò fún gbogbo wọn.

Ẹran ńkọ́? Ṣàkì dáa, ẹja dáa. Ẹja Títù lọ́ràá, 100 gíráàmù rẹ̀ tó 200. Pánlá kò tó ìdajì ìyẹn tí wọn ò bá dín in. Pọ̀nmọ́ kò wúwo nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n amúaradàgbà rẹ̀ kò pé, kó máa bá ẹja tàbí ẹyin rìn. Ẹ rí i pé ẹja, ẹyin, ẹ̀wà tàbí ẹran wà nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, torí ara tí kò rí amúaradàgbà tó yóò máa jẹ iṣan, ebi á sì máa pa yín láàárín òru.

Ẹ má lọ sísàlẹ̀ 1,200 láìjẹ́ pé dókítà ń mójú tó yín. Ẹnikẹ́ni tó bá ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà, pàápàá abẹ́rẹ́ insulin, kó rí dókítà rẹ̀ kó tó dín oúnjẹ kù, torí ṣúgà lè já wálẹ̀ lójijì. Tíì afọnra tí wọ́n ń polówó, ìgbẹ́ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń mú èèyàn yà. Omi ló ń jáde, ọ̀rá kò kúrò.

Ẹ máa gun òṣùwọ̀n láàárọ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ilé ìgbẹ́ dé, kí ẹ tó jẹun. Ọ̀sẹ̀ kìíní lè já kílò méjì, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìdajì kílò lọ́sẹ̀ dáa gan-an. Nǹkan oṣù àti oúnjẹ oníyọ̀ máa ń gbé e sókè fún ọjọ́ díẹ̀, ẹ má torí ẹ̀ febi pa ara yín.

Àṣàkẹ́ Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á bù kún yín. Ó ku méjì. Bàbá wọn kì í jẹ ọbẹ̀ tí epo kò bá yọ lójú rẹ̀. Mọ́ínmọ́ín tí mo fi epo díẹ̀ sè náà le bí òkúta.

Ìyá Alásè, Bódìjà:
Ti Bàbá wọn rọrùn. Tí ọbẹ̀ oníṣíbí mẹ́rin bá ti jinná, ẹ bu tiyín sínú abọ́ onídèérí. Ẹ wá yọ́ epo díẹ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, kí ẹ dà á sínú èyí tó kù. Epo á yọ lójú tiwọn.

Mọ́ínmọ́ín yẹn, omi ló kéré. Epo ló ń jẹ́ kó rọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ yọ epo, ẹ ò sì fi nǹkan kan rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀wà 200 gíráàmù, ẹ bó o, ẹ rẹ ẹ́ fún wákàtí kan, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà ńlá kan títí tí yóò fi kúnná tí ẹ bá fi ìka pa á. Ṣíbí òróró kan, ẹyin méjì tí ẹ ti pò, omi ẹja tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ máa dà á díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi máa ṣàn láti ojú ṣíbí bí ẹ̀kọ mímu tó ki; tó bá ṣàn bí omi, kò ní dì. Ẹ fi ọwọ́ lù ú dáadáa kí atẹ́gùn wọ inú rẹ̀ kí ẹ tó pọ́n ọn sínú ewé. Ewé mẹ́fà ló máa jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bíi 160 kálórì. Méjì pẹ̀lú ẹ̀kọ tútù kan tó fún àárọ̀.