Bí a ṣe ń ṣírò iye tí ìtọ́jú aláìsàn nínú ẹbí tó: ìrírí láti Kubwa, Kaduna àti Jos

Láti Kubwa:

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí owó, orí wákàtí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré kan, ẹ so bírò mọ́ ọn, ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe nǹkan fún un, kó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀: ohun tó ṣe, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí. Bí ẹ bá ní ó di alẹ́ kí ẹ tó kọ ọ́, ọ̀pọ̀ ti sọnù.

Fún bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí a máa ń gbàgbé ni yíyí i padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má baà dá sí i nídìí àti ní gìgísẹ̀, jíjókòó tì í fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ kó má baà tètè dùbúlẹ̀, fífọ aṣọ ibùsùn, àti títò sórí ìlà nílé ìwòsàn. Títò yẹn máa ń gba odindi ọjọ́. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù wa, ẹbí ló ń sáré lọ ra oògùn àti ìbọ̀wọ́, ẹbí náà ló ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí láàbù.

Láti Kaduna:

Ẹ̀gbọ́n Kubwa ti sọ ti wákàtí, ó ku owó, ọ̀nà méjì la sì lè gbà ṣírò rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi owó iṣẹ́ ka wákàtí. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024 ni ₦70,000. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 22, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́: nǹkan bíi ₦398 ni wákàtí kan. Ká ní ìwé yín fi wákàtí mẹ́fà hàn lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 30, wákàtí 180 nìyẹn, ₦71,640. Ọmọbìnrin tí wọ́n ń sọ pé ó kàn jókòó sílé ti ṣe iṣẹ́ tó ju odindi owó oṣù lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan-an.

Ọ̀nà kejì ni ohun tí olùtọ́jú pàdánù. Bó bá ń tajà, tí èrè rẹ̀ jẹ́ ₦5,000 lójúmọ́, tó sì ń ti ṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, ₦15,000 ló ń lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Èrè ni o, kì í ṣe gbogbo owó tó wọlé. Ẹ má sì ro ọ̀nà méjèèjì pọ̀, wákàtí kan náà lẹ máa kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tí ìṣirò ti ń bàjẹ́ jù ni pé àwọn kan máa ń fi owó nọ́ọ̀sì ka gbogbo wákàtí. Wíwẹ egbò àti fífi rọ́bà tó ń gbé oúnjẹ wọ inú ikùn bọ́ aláìsàn nìkan ni kí ẹ kà bẹ́ẹ̀. Bí olùtọ́jú bá ń se ọbẹ̀ bó ṣe ń ṣọ́ màmá, ẹ̀ẹ̀kan ni kí ẹ kà á. Àìsùn òru, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Pampers àgbàlagbà àti owó ọkọ̀ náà, ọ̀tọ̀ ni.

Láti Jos:

Ní 2018, àjọ ILO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ lágbàáyé wo orílẹ̀-èdè 64, wọ́n rí wákàtí bílíọ̀nù 16.4 lójúmọ́ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú láìgba owó. Obìnrin ló ń ṣe ìdá 76.2 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ bá wẹ ìyá rẹ̀, kò sí nínú ìṣirò ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè. Bí ẹ bá gba ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ fún owó, ó ti wọ inú ìṣirò nìyẹn.

Ẹ gbé ìwé yẹn lọ sí ìpàdé ẹbí, kí àwọn tó wà l'Ékòó àti lókè òkun náà rí fọ́tò rẹ̀ lórí WhatsApp. Kí kálukú mú ọ̀kan: kó san owó, kó wá gba iṣẹ́ ìtọ́jú ṣe ní ọjọ́ tó dájú, tàbí kó máa ra nǹkan ìlò. Ẹ kọ orúkọ àti déètì sí i, ẹ tún un yẹ̀ wò lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, torí àìsàn kì í dúró sójú kan. Owó olùtọ́jú, inú àkáǹtì tirẹ̀ ni kó lọ. Bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ owó oògùn, oògùn ló máa gbé gbogbo rẹ̀.