Sókàwéè tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ti tún kún, ṣé ká gbẹ́ òmíràn ni?

Ìyá Bọ̀dé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa púlọ́ńbà àti sókàwéè, ẹ dákun ẹ gbà mí o. Ìkòròdú nilé wa, apá ìsàlẹ̀ níbi tẹ́ ẹ bá gbẹ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí omi á ti yọ, fúláàtì mẹ́rin ló wà níbẹ̀, táńkì ìgbẹ́ kan àti sókàwéè kan lẹ́yìnkùlé la sì jọ ń lò. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ la pe tánkà, wọ́n fà á, kálukú dáwó, mo ní ó di ọdún mélòó kan ká tó tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Àfi bí òjò ṣe ń rọ̀ gidi báyìí tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo gúlúgúlú, tá a bá dami sí i á kọ́kọ́ gòkè wá kó tó máa rọra lọ, èyí tó wá burú jù ni pé tí ẹni tó wà lókè bá wẹ̀, omi ọṣẹ ẹ̀ ló ń yọ sílẹ̀ balùwẹ̀ tiwa.

Oní-tánkà ní ká ra kẹ́míkà kan dà sí i. Bíríkìlà tí lándíládì mú wá ní sókàwéè ti kú, ká gbẹ́ òmíràn kó sì jìn ju èyí lọ, owó tó pè, mi ò lè kọ ọ́ síbí. Lándíládì wá ní àwa ayálégbé la máa san ìdajì! Ta ni kí n gbà gbọ́ nínú wọn? Kànga wa náà ti ń ní òórùn kan tí ò yé mi.

Bàbá Páìpù
Ẹ kú ìrọ́jú mà. Ẹ má tíì fún bíríkìlà ní kọ́bọ̀. Kòtò méjì nìyẹn o, wọn kì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Táńkì ìgbẹ́ ni wọ́n rẹ́ nísàlẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìgbẹ́ á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, omi tó wà láàárín ló ń gba páìpù T kọjá sí sókàwéè. Sókàwéè ní tiẹ̀ ò ní ìsàlẹ̀ tí wọ́n rẹ́, wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàárín búlọ́ọ̀kù kí omi lè máa wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí òjò bá ti mú ilẹ̀ yẹn yó, ibo lẹ fẹ́ kómi gbà? Ẹni tó bá tún ní kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ jìn sí i níbi tómi wà nítòsí, kànga ló fẹ́ gbẹ́ fún yín. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, fífẹ̀ ni wọ́n ń fẹ̀ ẹ́, kì í ṣe jíjìn.

Ẹ ṣí ọmọrí méjèèjì wò. Tí táńkì bá kún dẹ́nu tí omi sókàwéè wà nísàlẹ̀, páìpù àárín wọn ló dí, iṣẹ́ kékeré nìyẹn. Tó bá jẹ́ pé méjèèjì ló kún, ẹ wo ibi tí omi òrùlé yín ń dà sí. Mo ti rí ilé tí wọ́n fi páìpù òjò sínú sókàwéè torí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ wọn jù. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yẹ sístọ̀n gbogbo fúláàtì wò, ìyẹn táńkì kékeré tó ń da omi sí àwo tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Tí gbogbo èèyàn bá ti sùn, ẹ po búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ dà á sínú sístọ̀n, kẹ́nikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́ o. Tẹ́ ẹ bá padà débẹ̀ lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ojú àwo ti di búlúù, rọ́bà ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti jẹ nìyẹn, tọ̀sán-tòru lomi ń ṣàn lọ sínú sókàwéè yín láìpariwo. Owó rọ́bà yẹn ò tó nǹkan.

Ti kẹ́míkà, ẹ má wulẹ̀ rà á, kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ ti wà nínú ìgbẹ́ fúnra ẹ̀. Ẹ yé da Izal àti ásíìdì sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, ìyẹn ló ń pa wọ́n.

Ọmọ Àjáh
Bàbá ti sọ ọ́ tán. Àwa tá à ń gbé Àjáh mọ̀ pé ẹni tó bá ń fa sókàwéè nínú oṣù Keje, omi ilẹ̀ ló ń sanwó fún, tánkà á lọ tán, kílẹ̀ tó mọ́ ó ti padà kún. Ẹ jẹ́ kó di ọ̀gbẹlẹ̀, December sí January, kẹ́ ẹ tó fà á. Táńkì oníke pàápàá tún léwu tẹ́ ẹ bá fà á gbẹ nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ lè gbé e sókè. Ti aládùúgbò wa kan yọ orí síta báyìí, ó já gbogbo páìpù tí wọ́n so mọ́ ọn.

Nọ́ọ̀sì Títí
Kànga yẹn ló ká mi lára jù. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé kí kànga jìnnà sí sókàwéè tó ẹsẹ̀ bàtà 100, ìyẹn bíi mítà 30, ṣùgbọ́n pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣe é? Sókàwéè aládùúgbò lẹ́yìn fẹ́ǹsì gan-an lè sún mọ́ kànga yín ju tiyín lọ. Kólẹ́rà tó jà l'Ékòó nínú oṣù Kẹfà 2024, Ìkòròdú wà lára ibi tó ti mú èèyàn. Ẹ má mu omi yẹn o, ẹ má fi fọ ẹnu, ẹ má fi fọ ẹ̀fọ́. Tí kò bá sí omi mìíràn, ẹ sè é kó hó dáadáa. Kó mọ́ lójú kì í ṣe pé kò sí nǹkan nínú ẹ̀.

Adé Wẹ́dà
Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ọmọrí yẹn, kó má bẹ orí wọnú ẹ̀, kó má sì ṣáná síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ran ọmọ kankan wọlé lọ kó nǹkan, gáàsì inú ẹ̀ máa ń pa èèyàn kó tó lè ké, ẹni tó bá sáré wọlé lọ yọ ọ́ náà á tún kú síbẹ̀.

Ìyá Bọ̀dé
Ẹ ṣé gan-an ni. A ti ṣe ti búlúù. Tiwa ò ṣe nǹkan kan, ti fúláàtì òkè lọ́wọ́ ọ̀tún ló ń jò, màmá yẹn ní òun ń gbọ́ ìró omi tó ń dún ṣíì láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun rò pé bó ṣe máa ń dún nìyẹn 😩. Méjèèjì ló kún lẹ́yìnkùlé. Páìpù òjò kan náà wà lóòótọ́, ó wọlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sókàwéè, mi ò mọ ibi tó já sí.

Bàbá Páìpù
Ẹ da omi púpọ̀ sí páìpù òjò yẹn lọ́jọ́ tí òjò ò bá rọ̀, kí ẹlòmíì dúró ti ọmọrí kó máa gbọ́. Tó bá dún nínú sókàwéè, ẹ gé e, kẹ́ ẹ tì í síta sí gọ́tà àdúgbò. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà màmá òkè lónìí. Lẹ́yìn náà ẹ fi ọ̀pá wọn omi inú sókàwéè, ẹ sàmì sí ọ̀pá náà, kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n tí òjò bá ti dá fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Tó bá ń wálẹ̀, sókàwéè ò kú. Tí kò bá kúrò lójú kan, ẹ padà wá ká sọ̀rọ̀ lórí fífẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àmì yẹn han lándíládì kó tó sọ̀rọ̀ ìdajì owó.