Àǹfààní wo ló wà nínú èsì tí àwọn òǹkàwé ń fún ẹni tó ń kọ ìtàn ìlú?

Akọ̀wé Etí Ọ̀sà (Epe) béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń fi èdè Yorùbá kọ̀wé. Epe ni mò ń gbé. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ àròkọ nípa ọ̀sà wa, nípa ọjà ẹja àti àwọn agboolé tó wà létí omi, tí mo sì ń gbé e síta fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Mo fi àyè sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àròkọ kọ̀ọ̀kan kí àwọn òǹkàwé lè fèsì, àyè yẹn gan-an ló sì ń kó ọkàn mi sókè báyìí, nítorí n kò mọ̀ bóyá èrè rẹ̀ tó wàhálà rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú èsì tí mò ń rí kò ju "ẹ kú iṣẹ́" àti "Olúwa yóò fún yín ní okun" lọ. Àdúrà ni, mo sì ń ṣe àmín sí i, ṣùgbọ́n kò fi ohun kan kún ìmọ̀ mi. Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ka nǹkan kan. Owó èlé ni wọ́n wá polówó. Èyí tó wá le jù ni ti àròkọ tí mo kọ nípa Ọba Kòsọ́kọ́ ti Èkó. Mo kọ ọ́ pé lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yin àgbá lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851 ni ọba náà àti àwọn èèyàn rẹ̀ sá kúrò, tí wọ́n sì wá tẹ̀dó sí Epe, àti pé ní Epe níbí ni òun àti aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Mo rò pé ọjọ́ tó wà lórí ìwé kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn ará Èkó-Epe, ìyẹn àwọn ọmọ àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá, àti àwọn ará Ìjẹ̀bú-Epe, tí tiwọn ti wà níbí ṣáájú, ti gbé e dé orí ẹni tó ni ilẹ̀ àti ẹni tó gba ẹni lálejò, ẹnì kan sì ti pe baba ńlá ẹlòmíràn ní ẹrú. Àbúrò mi ní kí n ti àyè náà pa, kí n máa kọ̀wé mi jẹ́ẹ́jẹ́.

Ohun tí kò jẹ́ kí n tíì ṣe bẹ́ẹ̀ ni èsì kan tí mo rí gbà lórí àròkọ tí mo kọ nípa ìgèrè. Mo ti ṣàpèjúwe bí wọ́n ṣe ń hun ún, àti ọ̀fun inú rẹ̀ tó fẹ̀ lẹ́nu tó sì fún ní ìdí, tí ẹja fi ń wọlé tí kò lè jáde. Bàbá apẹja kan, tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń bá a tẹ ọ̀rọ̀, wá ṣàlàyé pé nígbà tí òjò bá pọ̀ tí omi odò ń ya wọ inú ọ̀sà, ibi tí omi ń ṣàn lọ ni àwọn máa ń kọ ẹnu ìgèrè sí, kì í ṣe ibi tó ti ń bọ̀, nítorí pé ẹja a máa wọ́ omi gòkè láti lọ yé ẹyin. Ó fi kún un pé àwọn a máa fi koríko bo ẹ̀yìn ìgèrè kí òkùnkùn inú rẹ̀ lè tan ẹja. Kò sí èyí nínú ìwé kankan tí mo ní lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkòròdú) fèsì pé:

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí òǹkàwé lè ṣe fún òǹkọ̀wé, ẹ wo àwọn ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọ́n ń tẹ̀ ní Èkó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ẹlẹ́tí Ọfẹ bẹ̀rẹ̀ ní 1923, Akéde Èkó ti Isaac B. Thomas sì bẹ̀rẹ̀ ní 1928. Láàárín ọdún 1929 sí 1930, Thomas ń tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde bí ẹni pé obìnrin kan tó ń jẹ́ Ṣẹ̀gilọlá ló ń kọ wọ́n lórí ibùsùn àìsàn, tó ń ròyìn irú ayé tó ti jẹ sẹ́yìn. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀. Àwọn òǹkàwé kò sì dákẹ́: wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú, wọ́n ń bá obìnrin náà kẹ́dùn, àwọn kan tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí i, olóòtú sì ń tẹ lẹ́tà tiwọn náà jáde. Ní 1930 ni ìtàn náà di ìwé, ọ̀pọ̀ onímọ̀ lónìí sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Lójú tèmi, bí kì í bá ṣe lẹ́tà àwọn òǹkàwé wọ̀nyẹn, ìtàn náà ì bá má gba ìgboro Èkó bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí ẹni tó ń kà á gbà pé ẹlẹ́ran ara ni Ṣẹ̀gilọlá.

Ṣùgbọ́n olóòtú ló ń yan lẹ́tà tí yóò jáde. Ojúko tí àwa ayé òde òní ti ń ṣìnà nìyẹn. Ẹ máa kọ́kọ́ ka èsì kí ẹlòmíràn tó rí i. Ilé yín ni, ẹ lè pinnu ẹni tí yóò wọlé. Ní ti àríyànjiyàn Èkó-Epe àti Ìjẹ̀bú-Epe, ẹ má pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Ẹ yọ èébú, ẹ fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, torí pé bí apá méjèèjì ṣe ń sọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wà lára ìtàn Epe. Nígbà tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ìkòròdú níbí nípa ogun 1865, nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá dó ti ìlú wa kí John Glover tó ń ṣàkóso Èkó fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó rán ọmọ ogun wá, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá kì í ròyìn ogun náà bí ọmọ Ìkòròdú. Mo máa ń jẹ́ kí àwọn méjèèjì ka tiwọn sókè.

Ará Àgbádárìgì fèsì pé:

Mo tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn délẹ̀. Akéde Èkó jẹ́ ìwé títà; bí òǹkàwé bá ń pariwo, ọjà ń yá nìyẹn. Akọ̀wé wa kò ta nǹkan kan. Èmi náà ń kọ̀wé nípa ìlú mi, mo sì ti àyè èsì pa. Bí mo bá kọ nípa igi Àgíyà tí wọ́n ti wàásù ìhìnrere lábẹ́ rẹ̀ ní 1842, tàbí nípa ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì CMS (Church Missionary Society) parí ní 1845, ìyìn a máa dà wá gììrì. Bí mo bá kọ nípa ọjà ẹrú Vlekete, tí mo wá fẹ́ mẹ́nu ba ìdílé àwọn tó ń ta èèyàn níbẹ̀, ojú á yí padà. Kò sí ẹni tí yóò ní kí òǹkọ̀wé má kọ ọ́ o. Ìyìn ni yóò máa fà á díẹ̀díẹ̀, bí ewúrẹ́ tó ń tọ èèpo iṣu lọ, títí tí yóò fi jẹ́ pé igi àti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì nìkan ni yóò máa kọ̀wé lé lórí. Ẹni tó bá ní òdodo ọ̀rọ̀ láti sọ fún mi, mo fi ọ̀nà tó lè gbà rí mi síbẹ̀, kó wá bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ Ẹlẹ́ja (Epe) fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Àgbádárìgì, ẹ má bínú, bàbá onígèrè yẹn kò ní wá bá yín ní kọ̀rọ̀ láé. Ohun tó mú un sọ̀rọ̀ ni pé ó rí i tí àwọn ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ìyá mi ń yan ẹja tà, mo sì máa ń ka àwọn àròkọ Akọ̀wé wa. Kí n sọ òtítọ́, èsì ni mo máa ń kọ́kọ́ kà nígbà mìíràn. Nínú ariwo Kòsọ́kọ́ tó ń dun Akọ̀wé wa yẹn ni mo ti mọ̀ pé ìrántí bí Kòsọ́kọ́ àti àwọn èèyàn rẹ̀ ṣe gúnlẹ̀ sí Epe ni àwọn ará Èkó-Epe fi ọdún Káyòkáyò ṣe. Láti kékeré ni mo ti ń jẹun ọdún náà láìbéèrè ìdí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún Akọ̀wé ni pé ẹ kì í béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Àdúrà lẹ fi ń parí àròkọ yín, àdúrà náà la sì fi ń dá yín lóhùn. Bí ẹ bá béèrè pé irú igi wo ni wọ́n fi ń yan ọ̀bọ̀kún nílé yín, ta ni yóò fi "ẹ kú iṣẹ́" dáhùn? Ìyá mi yóò sọ fún yín pé igi gbígbẹ ni òun fi ń bẹ̀rẹ̀, pé bí ara ẹja bá ti gan ni òun ń fi igi tútù díẹ̀ sí i kí èéfín lè fún un ní àwọ̀, àti pé òun kì í jẹ́ kí igi olóje kan ààrò òun, nítorí kíkorò ni yóò mú ẹja náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò mọ̀wé, èmi náà sì ń tijú àmì ohùn tí n kò mọ̀ ọ́n fi sí i. Ẹ jẹ́ kí a lè fi ohùn ránṣẹ́.

Akọ̀wé Etí Ọ̀sà (Epe) fèsì pé:

Ẹ ṣeun gan-an. N ó fi àyè náà sílẹ̀, n ó sì máa ka èsì kí n tó gbé e síta. Ìbéèrè igi ọ̀bọ̀kún ni n ó sì fi parí àròkọ tó kàn, àbúrò mi Ọmọ Ẹlẹ́ja, ẹ bá mi sọ fún Ìyá pé mò ń retí wọn, àmì ohùn kò kàn mí. Ọ̀rọ̀ ará Àgbádárìgì ṣì ń jẹ mí lọ́kàn, nítorí àròkọ nípa ẹja ń gba ìyìn ju ti ilẹ̀ lọ lọ́dọ̀ mi náà. Ọgbọ́n tí mo rí dá sí i ni pé kí n máa kọ àròkọ tó le tán pátápátá kí n tó ṣí èsì èyí tó ṣáájú rẹ̀.

Olùkọ́ wa, ó ku ẹyọ kan: bí mo bá fẹ́ sọ àwọn àròkọ yìí di ìwé, ṣé mo lè fi ọ̀rọ̀ àwọn òǹkàwé sí i?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkòròdú) fèsì pé:

Ẹ lè fi sí i, bí ẹ bá gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Orúkọ tí oníkálukú bá ní kí ẹ kọ ni kí ẹ kọ, nítorí pé àwọn kan kò fẹ́ kí ẹbí mọ̀ pé àwọn ló sọ̀rọ̀. Ẹ má sì yí ẹ̀ka èdè wọn padà sí Yorùbá ilé ìwé. Bí bàbá onígèrè bá sọ̀rọ̀ bí ará Epe, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá ṣàlàyé èyí tó bá ta kókó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohùn tí Ìyá ẹlẹ́ja bá fi ránṣẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sí ibòmíràn yàtọ̀ sí fóònù yín lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, kí ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí i, nítorí pé bí fóònù bá bọ́ sómi, kò sí bí ẹ ṣe máa mọ ohùn ta ni.