Ìfófó tó ń ru jáde nínú táǹkì: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Alágbàá

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àgbá ńlá ni mò ń bójú tó, èyí tí kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ ṣúgà di ásíìdì. Láti ìsàlẹ̀ la ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ẹ̀rọ sì ń rò ó láìdúró. Omi lásán kì í yọ ìfófó, ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i di ọ̀la. Àwọn purotéènì inú oúnjẹ kòkòrò wọ̀nyí, àti èyí tó ń tú jáde lára wọn bí wọ́n bá kú, ló ń fún ìfófó lágbára tí kò fi tètè bẹ́.

Lóru ọjọ́ kan, ìfófó gòkè wọ páìpù tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ó sì rin asẹ́ tó wà níbẹ̀ gbingbin. Asẹ́ tó bá ti rin kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá bó ṣe yẹ, ni agbára afẹ́fẹ́ inú àgbá bá ń lọ sókè. Èyí tó tún ń bani lẹ́rù ni pé kòkòrò àjèjì lè gba ojú asẹ́ tútù yẹn wọlé, kí gbogbo iṣẹ́ bàjẹ́.

Ẹni tó wà nídìí iṣẹ́ da antifoam, ìyẹn oògùn tó ń pa ìfófó, sí i, ìfófó sì wálẹ̀ kíá. Inú gbogbo wa dùn, àfi ìgbà tá a wo ìwọ̀n ọ́síjìn inú omi: ó ti já wálẹ̀! Òróró sílíkónì inú oògùn náà máa ń jẹ́ kí àwọn afẹ́fẹ́ kéékèèké so pọ̀ di ńlá, èyí tó bá sì tóbi á sáré gòkè jáde kí ọ́síjìn inú rẹ̀ tó ráyè wọ inú omi. Kòkòrò bọ́ lọ́wọ́ ìfófó, wọn ò rí èémí mí.

Ní báyìí, sẹ́ńsọ̀ kan wà lókè àgbá. Bí ìfófó bá kàn án, oògùn díẹ̀ á kán sílẹ̀, pọ́ọ̀ǹpù á dúró ná kó tó tún kán òmíràn. Ìdúró yẹn ṣe pàtàkì o. Bí ìdọ̀tí bá lẹ̀ mọ́ sẹ́ńsọ̀, ó lè máa pariwo ìfófó nígbà tí kò sí ìfófó kankan, bẹ́ẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù ò ní yéé da oògùn.

Atọ́jú Omi Ìdọ̀tí

Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa. Tiwa gba oògùn, ó lóun ò gbọ́.

Ìfófó funfun tó fúyẹ́ kì í dà wá láàmú. Ìgbà tí ẹrẹ̀ inú táǹkì, ìyẹn àkójọ kòkòrò tó ń jẹ ìdọ̀tí, bá ṣì kéré la sábà máa ń rí i, bí ẹrẹ̀ bá ti pọ̀ tó, á lọ fúnra rẹ̀. Ìfófó tó ní àwọ̀ ilẹ̀ ni mò ń sọ. Ó nípọn, ó ń yọ̀, ó sì le débi pé ẹyẹ ń rìn lórí rẹ̀. Àwọn bakitéríà bíi Gordonia àti Microthrix parvicella ló ń fà á. Ara wọn kì í fẹ́ omi, wọ́n á rọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, wọ́n á sì bá a gòkè. Àwọn fúnra wọn ni ìfófó náà, kí wá ni oògùn fẹ́ yà?

Ohun tó ràn wá lọ́wọ́ ni pé a ń kó ẹrẹ̀ jáde sí i, kó má baà pẹ́ jù nínú táǹkì. Àwọn bakitéríà yìí ò tètè dàgbà, wọn ò ráyè pọ̀ bí ẹrẹ̀ ò bá gbó. A tún fi omi kílórínì wọ́n orí ìfófó gan-an, kì í ṣe inú omi, torí àwọn kòkòrò tó ń báni ṣiṣẹ́ wà nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó máa ń bí mi nínú. Àwọn kan á gbá ìfófó náà kúrò lójú omi, wọ́n á tún dà á padà síbi tí omi ti ń wọlé! Irúgbìn ni wọ́n ń gbìn yẹn. Kó kúrò nínú ọgbà pátápátá ni.

Ọmọ Bọ́ílà

Ní ti bọ́ílà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń hó omi di ooru, ẹ kọ́kọ́ wo iyọ̀ tó ti yọ́ sínú omi, kẹ́ ẹ sì wò ó bóyá òróró ti jò wọ omi tó ń padà bọ̀. Ẹ tú omi ìsàlẹ̀ dànù díẹ̀ kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè dín kù. Ìfófó tó bá bá ooru jáde á gbé iyọ̀ lọ sínú páìpù.

Ará Gáàsì

Òpó tá a fi ń yọ H2S àti CO2 kúrò nínú gáàsì ni tèmi. Gáàsì ń gòkè, omi amine, ìyẹn kẹ́míkà tó ń gba méjèèjì mọ́ra, ń ṣàn wálẹ̀. Ẹ ò lè rí ìfófó inú òpó yẹn lójú, àyàfi kẹ́ ẹ wo ìyàtọ̀ agbára gáàsì láàrin ìsàlẹ̀ àti òkè. Bó bá ń gòkè láìnídìí, ìfófó ti ń ru nìyẹn.

Òróró tó ń ti inú gáàsì yọ́ sínú amine ló sábà máa ń fà á, àti ìdọ̀tí irin. Ìdí nìyí tá a fi ń jẹ́ kí amine tó ń wọlé gbóná ju gáàsì lọ ní nǹkan bíi 5°C, kí òróró inú gáàsì má baà di olómi sínú òpó. Ẹ ṣọ́ra fún asẹ́ èédú o: òun náà máa ń mu oògùn ìfófó. Ẹ ń dà á, ó ń gbà á.

Ọlọ́dà

Ẹ má dárúkọ sílíkónì níwájú mi! Agbára tí ojú omi fi ń fà mọ́ra jẹ́ 72 mN/m, ti òróró sílíkónì ò ju bíi 21 lọ. Ìyàtọ̀ yẹn ló jẹ́ kó lè tàn ká ojú awọ ìfófó kó sì ya á. Òun náà ló ń jẹ́ kí ọ̀dà sá kúrò níbi tí ẹ̀kán rẹ̀ bá bà lé, ojú ògiri á wá kún fún ihò wẹ́wẹ́. Oníbàárà ò ní bi yín nípa ìfófó, ihò ló máa fi hàn yín.

Alágbàá

Ọlọ́dà, kí lẹ wá ń lò?

Ọlọ́dà

Òróró ilẹ̀ tó ní lúbúlúbú sílíkà tí kì í fẹ́ omi. Ṣùgbọ́n kó tó dórí oògùn, a fa páìpù tó ń já ọ̀dà láti òkè gùn wọ inú ọ̀dà tó ti wà nílẹ̀, a dín eré ẹ̀rọ ìropo kù, a sì pààrọ̀ èdídì pọ́ọ̀ǹpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé. Oògùn tí à ń rà ti dín kù gan-an. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, a máa ń fi ọ̀dà díẹ̀ sínú ìgò méjì, oògùn nínú ọ̀kan, ká mì wọ́n pọ̀, ká wo èyí tí ìfófó rẹ̀ máa kọ́kọ́ rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà la ó kùn ún sórí dígí, ká wá ihò.