Ìpèsè, kádàrá àbí àmójútó?

Ẹ̀gbọ́n wa béèrè pé kí la lè máa pe ohun tí òyìnbó ń pè ní providence, ìyẹn bí Ọlọ́run ṣe ń ṣètọ́jú ayé àti àwa ẹ̀dá ẹ̀. Àwọn kan ti ní "ìpèsè" ni, ẹnì kan tiẹ̀ ní ká kúkú pè é ní kádàrá ká sinmi. Ẹ má bínú o, mi ò bá yín lọ síbẹ̀.

Ká yanjú kádàrá ná. Látinú Lárúbáwá ló ti wá, qadar, òun àti àyànmọ́ ò sì jìnnà síra wọn: wọ́n ti yàn án, ó ti mọ́ ẹ lára, ó tán. Kò sẹ́ni tó tún ń wẹ̀yìn ẹ wò.

Ìpèsè ló le díẹ̀, torí inú Bíbélì la ti mú un. Jẹ́nẹ́sísì 22, Ísáákì ní iná rèé, igi rèé, ọ̀dọ́ àgùntàn wá dà, bàbá ẹ̀ ní Ọlọ́run á pèsè. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá wo Hébérù, "rí" lọ̀rọ̀ tó wà ńbẹ̀, òun náà ló wà nínú Jèhófà-jire, òun náà ni Hágárì fi pe Ọlọ́run nínú aginjù ní orí 16, Ọlọ́run tó ń rí mi. Látìnì táwọn òyìnbó ti mú tiwọn náà, kéèyàn rí nǹkan ṣáájú ni. Ojú ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe àpò.

Àwa náà sì ti ní i tipẹ́! Mú ojú tó. Àmójútó. Ojú yẹn hàn kedere láàárín ẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń jà sí i ni pé lọ́dún tí wọ́n dá mi dúró níbiṣẹ́, oṣù mẹ́jọ ni mo fi jókòó sílé, gbogbo ẹni tó bá wá kí mi ló ń sọ pé ìpèsè ń bọ̀, màá ṣàmín, tí wọ́n bá ti lọ màá wá máa rò ó pé títí á fi dé ńkọ́, ṣé Ọlọ́run ò tíì wà ńbẹ̀ ni? Ìgbà yẹn náà ni mo gbé ọmọ mi lọ gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ń fi òwú nu itan ẹ̀, èmi di ẹsẹ̀ ẹ̀ mú, ọmọ ò tiẹ̀ wo abẹ́rẹ́, ojú mi ló tẹjú mọ́. Mi ò pèsè nǹkankan fún un lọ́jọ́ yẹn o, bí kò ṣe igbe. Àmọ́ ojú mi ò kúrò lára ẹ̀.

Ti Ọlọ́run nìyẹn. Ní ti ìgbẹ́kẹ̀lé, èyí táwa fúnra wa ń ṣe sí i, "fẹ̀yìn tì" ló wọ̀ mí lójú jù, torí ohun téèyàn bá fẹ̀yìn tì, ẹ̀yìn ló kọ sí i, kò lè máa wò ó.

Ibi tó ṣì ń rùn mí nínú ni pé àmójútó ti fẹ́ dà bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì, bí ọ̀gá tó ń mójú tó àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá ní èyí tó rọ̀ jù ú lọ, tójú ṣì wà nínú ẹ̀, kó jọ̀ọ́ mú un wá.