Géèjì ń bọ́ sí òdo, bátìrì kò sì gba iná mọ́ bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bá ti gbóná

Ẹ̀yin tí ẹ mọ iṣẹ́ iná ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ́ńjìnnì alágbára ẹṣin 60 ni mo fi ń kó ẹja lórí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́. Bí mo bá tan án ní òwúrọ̀, mítà a máa ka fólìtì 14.1 lórí bátìrì. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sáré fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, abẹ́rẹ́ géèjì tí ó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì a gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, a sì wó sí òdo, fólìtì náà a sì lọ sílẹ̀ sí 12.3 lẹ́sẹ̀ kan náà. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, méjèèjì a padà bọ̀ sípò.

Mo ti pààrọ̀ bátìrì. Mo ti ha ìpẹtà aláwọ̀ ewé kúrò lórí ibi tí wáyà ti so mọ́ ọn, fíùsì kò sì jó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì gbóná, mo wọn wáyà mẹ́ta tí ó ti inú stator (apá ẹ́ńjìnnì tí ó ń pèsè iná) jáde: iná wọn dọ́gba, kò sì sí èyí tí ó kan ara irin. Rectifier (ohun tí ó ń yí iná stator padà sí irú èyí tí bátìrì lè gbà) nìkan ni ó kù tí mo fura sí, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò kéré, ọlọ́jà kì í sì í gbà á padà.

Ǹjẹ́ ọ̀nà wà tí mo lè fi mítà dán rectifier náà wò nígbà tí ó bá gbóná, kí n tó ra òmíràn? Bí mo bá sì yọ wáyà géèjì, tí iná ṣì ń wọ bátìrì geere, ṣé géèjì ni ó bàjẹ́ nìyẹn?