Autofs kọ̀ láti so fódà sáfà mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, ẹ gbà mí o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà Linux. Autofs, ètò tó ń so fódà orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́ kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ nígbà tí èèyàn bá fẹ́ lò ó, ti fẹ́ dá mi lágara.

Sáfà kan ló ń pín fódà /srv/ise fún kọ̀ǹpútà mẹ́rin ní ọ́fíìsì wa nípasẹ̀ NFS (ọ̀nà tí Linux fi ń pín fódà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì). Ubuntu ni gbogbo wọn. Mẹ́ta ń ṣiṣẹ́ geere. Ìkẹrin, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tò lánàá, ló ya olórí kunkun. Bí mo bá tẹ ls /data/ise, níbi tó yẹ kí autofs so fódà náà sí, "No such file or directory" ló ń dá mi lóhùn. (Mo mọ̀ pé /data máa ń ṣófo títí èèyàn á fi dárúkọ fódà inú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ ìyẹn.)

Bí mo bá sì fọwọ́ ara mi so ó pẹ̀lú mount -t nfs4, kíá ló ń gbà! Nítorí náà kì í ṣe wáyà, kì í ṣe fáyàwọ́ọ̀lù.

Mo dá autofs dúró, mo fi automount -f -v ṣí i, ó wá kọ eléyìí:

lookup(program): lookup for ise failed

Program wo? Ìlà kan péré ló wà nínú /etc/auto.data mi, fáìlì tó ń sọ ohun tí autofs máa so:

ise -fstype=nfs4,rw 192.168.1.10:/srv/ise

Fláàṣì ni mo fi gbé fáìlì náà wá láti ara kọ̀ǹpútà kejì. ls -l ń fi -rwxr-xr-x hàn níbí, ti àwọn yòókù sì jẹ́ -rw-r--r--. Ṣé x yẹn (àṣẹ pé kí fáìlì ṣiṣẹ́ bíi program) ló ń dà á láàmú, àbí ibòmíì ni kí n wò? Mi ò tíì yọ ọ́, kí n má baà pa ẹ̀rí rẹ́.